Ẹ Má Ṣe Fi Agogo Èkó Gba Ààwẹ̀ Ní Adó

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe àríyànjiyàn láàrin àwọn àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù alágbèéká ni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní fóònù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ti di ohun tí à ń bá lọ́wọ́ ìyá aláta ní Ọjà Ọba, lọ́wọ́ ọlọ́kadà ní Ajílóṣùn, àti nínú àpò lèmọ́mù tí ó ń kírun níwájú wa.

Kò sí àní-àní pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n rírà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n rà, a kò mọ̀ ọ́n lò. Fóònù dà bí ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ó gbọ́n púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ àlejò ní ìlú. Bí a kò bá fi ọ̀nà hàn án, ibi tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa lọ, tí yóò sì máa jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí olúkúlùkù wa mọ ohun tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ kí ó tó fi ìrun rẹ̀, owó rẹ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ààwẹ̀. Agogo kan ṣoṣo ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, láti Èkó títí dé Maidúgùri. Ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ agogo ìjọba. Ìlú tí ó bá wà ní ìhà ìlà-oòrùn ni oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn onímọ̀ pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360 tí wọ́n ń pè ní dìgírì, ìṣẹ́jú 4 sì ni oòrùn fi ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Èkó wà ní nǹkan bí dìgírì 3.4 sí ìlà-oòrùn Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adó sì wà ní nǹkan bí dìgírì 5.2. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí i pé oòrùn Adó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 ṣáájú ti Èkó.

Kí ni èyí já sí? Bí ọmọ rẹ bá ra fóònù fún ọ ní Èkó, tí ó ti kọ orúkọ Èkó sínú ètò tí ń pe ìrun, tí ìwọ sì gbé e wá sí Adó láì yí i padà, nígbà tí fóònù bá ń sọ fún ọ pé sààrì ṣì ku ìṣẹ́jú 5, àfẹ̀mọ́júmọ́ ti yọ ní Adó. O rò pé òru ni o ti ń jẹun, ojúmọ́ sì ti mọ́ bá oúnjẹ náà ní ẹnu rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, ìwọ yóò jókòó ti omi àti dàbínù fún ìṣẹ́jú 7 lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀. Ti ẹni tí fóònù rẹ̀ ń tẹ̀lé Kánò tún yàtọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, Kánò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 ṣáájú wa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀lé fóònù rẹ̀ ṣínu ní Adó, oòrùn ṣì wà ní ojú ọ̀run, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ààwẹ̀ ọjọ́ kan jẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ṣí ètò náà, wá ibi tí ó ti ń béèrè ìlú, kí o kọ Adó-Èkìtì sí i, tàbí kí o fún fóònù láyè láti máa wá ibi tí o wà fúnra rẹ̀. Nígbà tí o bá rin ìrìn-àjò lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, kí o tún wò ó bóyá ó ti yí ìlú padà. Má ṣe sọ pé yóò mọ̀.

Ohun kejì tí ó ń da ọ̀pọ̀ ilé rú ni pé fóònù ọkọ ń pe Súbúì, ti ìyàwó kò sì tíì pè é, bẹ́ẹ̀ Adó ni àwọn méjèèjì kọ sí i. Kì í ṣe pé ọ̀kan bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí oòrùn yóò ti jìn tó ní ìsàlẹ̀ kí a tó sọ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ yọ. Ìṣirò Muslim World League lo dìgírì 18, ti Íjíbítì lo 19.5, ti àwọn Mùsùlùmí Àríwá Amẹ́ríkà sì lo 15. Láàrin 15 àti 18 nìkan, ó tó ìṣẹ́jú 12 ní ilẹ̀ wa. Gbogbo ìṣirò wọ̀nyí ni ó wà nínú ètò náà, ọ̀kan ni ó sì ń lò. Ẹ lọ bi lèmọ́mù yín léèrè èyí tí mọ́sáláṣí yín ń tẹ̀lé, kí ẹ sì fi gbogbo fóònù ilé sí orí ọ̀kan náà. Bákan náà ni ti Alásárì. Ètò náà yóò bi yín bóyá ti Hanafi ni ẹ fẹ́ tàbí ti àwọn yòókù. Ẹ̀kọ́ Imam Malik ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ti Hanafi sílẹ̀ láìmọ̀ yóò máa pẹ́ kírun lójoojúmọ́, yóò sì máa rò pé àwọn ará mọ́sáláṣí ni ó ń kánjú.

Ti kíbúlà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìlà-oòrùn gan-an ni Mákà wà sí Adó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọjú sí àríwá, tí a wá yí sí ọwọ́ ọ̀tún wa ní nǹkan bí dìgírì 64, ibẹ̀ ni Kábà wà, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ìlà-oòrùn jù. Fóònù lè fi èyí hàn wá, pàápàá nígbà tí a bá wà ní ìlú àjèjì. Ṣùgbọ́n irin àti òòfà a máa tan abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ. Ẹ má ṣe wo kíbúlà nínú mọ́tò, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tàbí nígbà tí àpò fóònù yín bá jẹ́ èyí tí ó ní òòfà tí a fi ń pa á dé. Ẹ bọ́ sí gbangba, ẹ tẹ́ fóònù sílẹ̀ pẹrẹsẹ ní àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì wò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì wà ní ìlú tí mọ́sáláṣí wà, ògiri mọ́sáláṣí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé àwọn baba wa kírun láìsí fóònù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò gba ìròyìn àsìkò láti ẹnu ẹni tí wọn kò yẹ̀ wò. A mọ̀ nínú ìtàn pé afọ́jú ni Ibn Umm Maktum, ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe ìrun ní ayé Ànábì, ẹlòmíràn ni ó sì máa ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó pè. Kò sí àbùkù nínú kí a gba ìròyìn àsìkò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tí ń sọ fún wa wà ní ibi tí a wà.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé wàyí, kí a sọ̀rọ̀ owó. Lónìí, fóònù ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wa. Àwọn olè kò fọ́ ilẹ̀kùn mọ́. Wọn a pe màmá ní ọ̀sán gangan, wọn a fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé láti báǹkì ni àwọn ti ń pè, pé káàdì rẹ̀ fẹ́ kú, kí ó jọ̀wọ́ ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: nọ́ńbà náà gan-an ni ilẹ̀kùn. Kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì tòótọ́ tí yóò béèrè rẹ̀, tàbí tí yóò béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì yín. Ẹni tí ó bá béèrè, olè ni, ìbáà mọ orúkọ yín, ìbáà mọ nọ́ńbà BVN yín, ìbáà fi Ọlọ́run búra. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ pa fóònù. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ lọ sí báǹkì fúnra yín lọ́jọ́ kejì.

Èyí tí ó tún le ni ti àwọn tí ń fi ohùn ọmọ ẹni tan ni. Ayé ti dé ibi tí ẹ̀rọ lè sín ohùn ènìyàn jẹ títí tí ìyá tí ó bí i kò fi ní mọ ìyàtọ̀. Bàbá wà ní Ìgèdè, ọmọ wà ní Èkó, ìpè dé lóru pé ọmọ ti ní ìjàǹbá, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kíákíá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ láàrin ẹbí, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò kọ síbì kan, bí i orúkọ ewúrẹ́ tí ẹ ti sìn rí tàbí oríkì tí ìyá àgbà ń pe ọmọ náà. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kì í ṣe ọmọ yín. Bí ẹ kò bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ sì pe nọ́ńbà ọmọ yín tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ẹ má sì dúró di ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Lónìí, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà gígùn kan yóò jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi í pamọ́ sí ilé, nítorí òun ni àmì tí a fi ń dá fóònù yín mọ̀ láàrin ẹgbẹ̀rún. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí ti fóònù àti ti síìmù méjèèjì. Bí olè bá yọ síìmù tí kò ní àṣírí bọ inú fóònù mìíràn, gbogbo nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o, bí ẹ bá ṣi àṣírí síìmù tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò tì pa, ó sì di dandan kí ẹ wá ọ̀nà gba nọ́ńbà ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn owó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ síìmù. Ẹkún fóònù, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró, bí ó bá ti dé ní òru, olúkúlùkù a sáré ki fóònù bọ iná, a gbé e sí abẹ́ ìrọ̀rí, a sùn lọ. Bátìrì a máa gbóná, ìrọ̀rí àti fóòmù kò sì jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde. Orí ilẹ̀ tàbí orí tábìlì gbígbẹ ni kí ẹ gbé e sí. Bátìrì tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe lò ó mọ́, ẹ má sì ṣe gún un. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fóònù, ẹ má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ni ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ní ti ìrìn-àjò, gbogbo wa mọ ohun tí ojú wa ti rí ní Èkìtì yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní ojú ọ̀nà, Onímọ̀jò ti Ìmọ̀jò-Èkìtì àti Ẹlẹ́sùn ti Èsùn-Èkìtì. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré-Èkìtì. Fóònù kò lè dá ìbọn dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọlọ́run ni olùṣọ́. Ṣùgbọ́n fóònù tí a bá lò dáadáa lè mú kí àwọn ará ilé tètè mọ̀ pé ènìyàn wọn kò dé, kí wọ́n sì mọ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ti Adó lọ sí Àkúrẹ́, sí Ìkọ̀lé tàbí sí Ìlọrin, kí ó rí i pé fóònù rẹ̀ kún fún iná kí ó tó jáde ní ilé. Ní gáréèjì, kí ó kọ nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnìkan ní ilé, kí ó sọ àsìkò tí ó gbéra àti àsìkò tí ó rò pé òun yóò dé. Ẹni tí ó bá ní WhatsApp lè fi ibi tí ó wà han ẹnìkan ṣoṣo tí ó fọkàn tán. Ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8 ni ètò náà gbà láyè, ẹ mú èyí tí ó bá ìrìn yín mu. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo wí, kì í ṣe gbogbo ayé. Èwo ni kí a máa ya àwòrán ara wa nínú mọ́tò, kí a máa kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn pé a ti kúrò ní ilé, pé a ti dé Ìjàn? Ẹni tí ó ń wá wa kò ní wàhálà mọ́. Kí a dé ná, kí a tó fi àwòrán hàn.

Àwọn òkè tí Ọlọ́run fi ṣe ẹwà ilẹ̀ wa a máa dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ní àwọn ibì kan. Ẹ ti inú ilé gba àwòrán ọ̀nà sínú fóònù kí ẹ tó lọ, nítorí pé fóònù lè mọ ibi tí ó wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀nà hàn yín bí kò bá ti gba àwòrán náà sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, kò gba owó kankan. Ẹ kọ nọ́ńbà ènìyàn mẹ́ta sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi í sínú àpò aṣọ, nítorí pé bátìrì lè kú, ṣùgbọ́n ìwé kì í kú. Bákan náà, fóònù lè bá wa ka ọ̀nà tí a rìn. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ fi nǹkan bí kìlómítà 80 ṣe ìwọ̀n ìrìn-àjò tí a fi ń gé ìrun kúrú. Adó sí Àkúrẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe tètè gé rákáà.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bá pè sí Mákà, ẹ gbé bátìrì àfikún tí a fi ń gba iná sí fóònù sínú àpò ọwọ́, ẹ má ṣe fi í sínú ẹrù tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà sí ìsàlẹ̀, nítorí òfin kò gbà á. Èyí tí wọ́n bá kọ 20,000 mAh sí lára kò kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi àyè gbà. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ pa dátà tí ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, kí ẹ má bàa dé ọ̀hún kí owó yín ti tán. Wákàtí 2 ni agogo Sáúdí fi ṣáájú tiwa, bí ẹ bá pe ilé ní aago mẹ́wàá alẹ́ níbẹ̀, aago mẹ́jọ ni ní Adó. Ètò Nusuk ni wọ́n fi ń gba àyè láti wọ Rọ́dà ní Mẹ̀dínà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní ilé. Ẹ ya àwòrán iwájú ilé tí ẹ wọ̀ sí, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń yí Kábà po, ẹ fi fóònù sínú àpò. Ẹni tí ó ná owó ilé àti owó ilẹ̀ dé ibẹ̀, tí ó wá ń wo ojú ara rẹ̀ nínú fóònù, ó ṣe àdánù.

Èrò mi wá nìyí. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni ẹgbẹ́ Àsàlátù ń pàdé káàkiri Adó àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Kí olúkúlùkù ẹgbẹ́ yọ ààbọ̀ wákàtí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì àti ní pólì wá kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wọn bí a ti ń lo fóònù. Kò ní ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Bí Ramadan bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gba fóònù gbogbo ará mọ́sáláṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yẹ ìlú àti ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ wò. Kí wọ́n pe àwọn ẹbí wa tí ó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi pẹ̀lú, nítorí pé nínú ilé kan náà ní Èkìtì ni àwa àti àwọn ń gbé, olè tí ń pe fóònù kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìsìn rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé mọ́sáláṣí kì í ṣe ibi ọ̀rọ̀ ayé. Mo bi wọ́n léèrè: nígbà tí a bá gba owó opó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò mọ̀, ta ni yóò bọ́ ọ? Àwa ará mọ́sáláṣí kan náà ni. Ẹ̀wẹ̀, àwọn àgbà kan yóò tijú pé ọmọdé ni yóò kọ́ àwọn. Ẹ má tijú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ fi sùúrù kọ́ wọn. Ẹ má ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá yín kí ẹ bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí olè yóò pè é, ẹ̀yin kò ní sí nílé.

Kí Ọlọ́run Ọba gba ìrun àti ààwẹ̀ wa, kí ó dáàbò bo dúkìá wa, kí ó sì máa mú àwọn èrò ọ̀nà wa bọ̀ wá sílé ní àlàáfíà. Àmín.